“Lose” àbí “loose”: kí ló sọnù, kí la pàdánù, kí ló bọ́ lọ́wọ́ wa?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní kíláàsì kejì ní ilé ìwé girama mú ìwé àròkọ rẹ̀ wálé lánàá, mo sì rí i pé olùkọ́ fi bírò pupa yí ọ̀rọ̀ kan po lẹ́ẹ̀mẹrin. Ohun tí ọmọ náà kọ ni “I don't want to loose my friend”. Mo wò ó títí, n kò rí àṣìṣe níbẹ̀, nítorí pé bí èmi náà ti ń kọ ọ́ láti kékeré nìyẹn. Nígbà tí mo bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ó ní “kí nǹkan sọnù” ni. Mo wá bi í pé ṣé ọ̀rẹ́ ẹni máa ń sọnù bí ẹni pé owó ni? Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ló tọ́ nínú méjèèjì, kí sì ni a ń pe “lose” gan-an ní Yorùbá: sọnù ni, pàdánù ni, àbí ṣòfò? Bàbá wọn ní pàdánù ló bá gbogbo rẹ̀ mu. Èmi kò gbà.

* * *

Ìyá wa, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ìbéèrè méjì lẹ dì pọ̀ sínú ẹyọ kan, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú èyí tí kò le. “Lose” tó ní “o” kan ṣoṣo ni ọmọ yín ń wá. “Loose” tó ní “o” méjì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Ohun tó dẹ̀, tí kò fún, tí kò dúró gírígírí ni wọ́n fi ń júwe. Ṣòkòtò tó fẹjú ju ìdí ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ, eyín ọmọdé tó ń mì lẹ́nu, ewúrẹ́ tó já okùn tó sì ń rìn kiri àdúgbò, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ náà bá mu. Bí wọ́n bá sì lò ó bí ọ̀rọ̀-ìṣe, títú sílẹ̀ ló túmọ̀ sí. Nítorí náà, ohun tí ọmọ yín kọ ni pé òun kò fẹ́ tú ọ̀rẹ́ òun sílẹ̀, bí ẹni pé orí ìso ló so ó mọ́.

Mo rí i pé àwọn mélòó kan ti fèsì kí n tó dé. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ náà kò tó ohun tí à ń fi bírò pupa sí, pé gbogbo ayé ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn sì ní àìkàwé àwọn ọmọ òde òní ló fà á. N kò bá ẹgbẹ́ méjèèjì lọ. Òótọ́ ni pé àwọn tó bí èdè Gẹ̀ẹ́sì gan-an ń ṣì í kọ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe púrúǹtù. Ìlànà àkọtọ́ wọn ló ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ wo “choose” tó ní “o” méjì: ìró rẹ̀ bá ti “lose” dọ́gba. “Nose” àti “rose” ní irú lẹ́tà kan náà pẹ̀lú “lose”, ṣùgbọ́n ìró wọn yàtọ̀. Ọmọ tó bá ń fi etí kọ̀wé á kọ “loose”, ọmọ tó bá ń fi ojú kọ̀wé nìkan ni yóò gbà á. Ẹ má nà án.

Ti àwa Yorùbá tún wá ju tiwọn lọ. Lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni álífábẹ́ẹ̀tì wa ní, “z” kò sì sí nínú rẹ̀, nítorí ìró náà kò sí lẹ́nu wa. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe òkè Ọlọ́run ní Síónì, tí a fi ń pe agbowó-orí kúkúrú tó gun igi síkámórè ní Sákéù, tí ìyá Jòhánù sì ń jẹ́ Èlísábẹ́tì. Ìró “z” yìí gan-an ló wà ní ìparí “lose”, ìró “s” ló sì wà ní ìparí “loose”. Bí ẹ bá mú un kúrò, ọ̀rọ̀ méjèèjì di ọ̀kan ṣoṣo lẹ́nu wa, a ò sì ní mọ èyí tó yẹ ká kọ. Ọmọ yín kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan ní kíláàsì, nítorí ó ṣeé ṣe kí olùkọ́ tó fi bírò pupa yí i po náà máa pe méjèèjì bákan náà.

* * *

Ẹnì kan bi mí bóyá èmi náà ti ṣì í kọ rí. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ní ọdún 1989, mo kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Mo san owó fún onítáípù tó ń jókòó sí abẹ́ agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, mo pe ọ̀rọ̀ fún un, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ bí mo ti ń pè é. Gbólóhùn ìkẹyìn ni pé n kò ní fẹ́ kí àǹfààní yìí bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, “o” méjì la sì fi sí i. Ọ̀gá tó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi kà á dé ìsàlẹ̀, ó fi ìka ìfábẹ̀lá tẹ ọ̀rọ̀ náà, ó sì fi Yorùbá sọ fún mi pé: “O ò fẹ́ tú u sílẹ̀? Ó ti já lọ.” Àwọn tó wà nínú ọ́fíìsì náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà fi ẹ̀rín sí i, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ mi nínú. Iṣẹ́ náà kò sì bọ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé “o” kan péré ló gbà á lọ́wọ́ mi.

Ohun tó gbà mí láti ìgbà náà rọrùn, ẹ kọ́ ọmọ yín: “lost”, tí wọ́n fi ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kọjá, “o” kan ló ní, kò sì sí ẹni tó ń ṣì í kọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti lè di “lost” lọ́la, “o” kan ni kí ó fi sí i lónìí.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn rẹ̀ díẹ̀: ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ jẹ́ ẹbí lọ́nà jíjìn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà dé inú Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. “Lose” ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, “losian” ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ ìgbà náà sì ni kí nǹkan ṣègbé, kí ó parun. “Loose” ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Scandinavia tó wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé wọ̀lú. Ẹ kíyè sí ṣíṣègbé yẹn, nítorí nígbà náà, ohun tó ń parun ló ń ṣe é, kì í ṣe ẹni tó ni ín. Ìgbà tó yá ni Gẹ̀ẹ́sì yí i padà tí wọ́n wá fi olóhun ṣe aṣebi. Níbẹ̀ ni ìbéèrè yín kejì ti bẹ̀rẹ̀.

* * *

Mo padà wá. Ẹ̀gbọ́n wa kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ fọwọ́ sí ti bàbá ọmọ náà, wọ́n ní pàdánù ló yẹ kí a máa lò fún “lose” níbi gbogbo kí ìdàrúdàpọ̀ lè dín kù. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò gbà.

Ẹ wo bí Yorùbá ti ń sọ ọ́ nígbà tí kò ronú nípa Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní gáréèjì Òjóò, ó fọwọ́ kan báàgì rẹ̀, ó tún fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kejì, ó kígbe: “Yéè, fóònù mi ti sọnù!” Fóònù ló ṣíwájú nínú gbólóhùn náà, òun ló lọ. Bí obìnrin náà bá tilẹ̀ fẹ́ dárúkọ ara rẹ̀, ẹ̀yìn ni yóò fi ara rẹ̀ sí: “Ó sọnù lọ́wọ́ mi.” Gẹ̀ẹ́sì kò gba irú èyí fún un. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, òun ni yóò ṣíwájú, òun ni yóò ṣe é, bí ẹni pé ó jókòó, ó sì gbèrò láti sọ fóònù rẹ̀ nù.

A lè sọ pé “mo sọ ọ́ nù”, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún un, nítorí ó ní ìtumọ̀ méjì. Èkíní ni pé ó bọ́ lọ́wọ́ mi nítorí àìbìkítà mi, mo sì gba ẹ̀bi rẹ̀. Èkejì ni pé mo mọ̀ọ́mọ̀ jù ú sí ààtàn. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò kan nígbà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ka ìròyìn tó túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì, pé ìyá kan pàdé ìjàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà, “ó sì sọ ọmọ rẹ̀ nù”. Ìyá àgbà tó jókòó tì mí pa igbá ẹ̀gúsí tó ń bó tì: “Ó sọ ọmọ nù? Nínú ìjàǹbá? Irú ìyá wo nìyẹn!” Ó gba ìṣẹ́jú díẹ̀ kí n tó là á yé e pé ọmọ náà ló kú. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn mọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì mọ Yorùbá. Ohun tí kò ṣe ni pé kò bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló lọ, báwo ló sì ṣe lọ.

Pàdánù wá yọ́ wọlé láti gba àwọn atúmọ̀ sílẹ̀, nítorí òun nìkan ló jẹ́ kí olóhun ṣíwájú láìṣe pé ó ju nǹkan nù. “Ó pàdánù owó rẹ̀.” Ó mọ́, ó sì bójú mu nínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo rí lọ́rùn rẹ̀ ni pé ó ti di fìlà tí gbogbo orí ń dé: àwọn tó ń kọ̀wé kò wá ọ̀rọ̀ mọ́.

* * *

“Ìwọ náà ti ń le jù. Ṣé a ò gbọ́dọ̀ wí pé a pàdánù bàbá wa mọ́ ni?” Àbúrò kan ló bi mí bẹ́ẹ̀, àwọn tó kín in lẹ́yìn sì pọ̀.

Ẹ gbọ́dọ̀. Ó ti wọ èdè, ó wà nínú ìwé ìkéde òkú, ó wà lẹ́nu àwọn ajíhìnrere, n kò sì ní fi ọ̀pá lé e jáde. Ohun tí mò ń wí ni pé ó dín ọ̀rọ̀ wa kù. Ọba wàjà, àgbà papòdà, ẹni ọ̀wọ̀ tẹ́rí gbaṣọ, ẹnì kan jáde láyé, ẹlòmíràn dolóògbé. Bí a bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò, a ti mọ irú ẹni tó lọ kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀. Pàdánù kò sọ ìyẹn fún wa. Ti ara ẹni tó kù sílẹ̀ ló ń sọ.

Obìnrin wa kan tó ń tọ́jú arúgbó ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ti fi ìrírí kan kún un, mo sì gbé e síbí nítorí ó kàn wá gan-an. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú nílé, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì wí fún un pé “I'm sorry for your loss”. Ó ní òun mọ̀ pé inú rere ni, ṣùgbọ́n òun dúró síbẹ̀ láìmọ ohun tí òun yóò fi dáhùn, nítorí tiwa ní ìdáhùn. Bí wọ́n bá ní “Ẹ kú àṣẹ̀yìndè”, a mọ̀ pé arúgbó ló lọ, a ó sì dáhùn pé ẹ̀yìn tiwọn náà yóò dára. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ àṣẹ̀yìndè. “Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àmúmọ́ra” ni, ohùn á sì lọ sílẹ̀.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù lọ ni ti ọmọ tuntun. Mo wà lọ́mọdé nígbà tí ọmọ aládùúgbò wa kú ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n bí i. Ìyá mi mú mi dání dé ẹnu ọ̀nà wọn, ó fi mí sílẹ̀ níta, ó sì wọlé lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọmọ náà tó jókòó sórí ẹní. Kò mẹ́nu kan ikú, kò mẹ́nu kan ọmọ. Ó fọwọ́ lé e ní orúnkún, ó ní: “Omi ló dànù, agbè ò fọ́.” Ìyẹn nìkan. Èwo nínú Gẹ̀ẹ́sì ni a fẹ́ fi túmọ̀ rẹ̀, èwo la sì fẹ́ fi “ẹ kú ìpàdánù” rọ́pò rẹ̀? Mo gbọ́ “ẹ kú ìpàdánù” yìí ní ọdún tó kọjá o, lẹ́nu ẹni tó gbówó láti darí ètò ìsìnkú.

* * *

Kúkúrú ni èyí. Àwọn kan ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe yẹ̀yẹ́ pé lẹ́tà kan péré ló ń yí ìtumọ̀ padà. Ẹ jẹ́ ká rọra, ilé tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Òfò ni ti ọjà àti dúkìá. Ọ̀fọ̀ ni ti ikú, bí a ti ń wí pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wọ́n. Ọfọ̀ ni ti babaláwo àti olóògùn. Òfo sì ni ti àpò tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Lórí WhatsApp, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í fi àmì sí nǹkan, “ofo” ni gbogbo wọn. Mo ti rí “e ku ofo o” tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí oníṣòwò tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jóná, ẹ̀rù sì ba àwọn ẹbí rẹ̀ tó wà lókèèrè, wọ́n rò pé ènìyàn bá iná náà lọ. Àwa tí a ń dá ọmọ yín lẹ́bi nítorí “o” kan, a ò fi àmì sí “o” tiwa.

* * *

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ti wọ̀ ọ́, n kò sì lè bá a jà. Àwọn kan bi mí pé bí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù bá “lose” ńkọ́.

Níbi ìdíje, Yorùbá kì í sábà fi ẹni tó ṣubú ṣíwájú, ẹni tó borí ni. Nínú ìjàkadì, “ó dá mi” ni à ń wí. Nínú bọ́ọ̀lù, “wọ́n nà wá”. Nínú ayò, “ó pa mí”, olùborí sì ni ọ̀ta, ẹni tó ń jẹ ìyà ni òpè. Bàbá mi máa ń ta ayò lábẹ́ igi ọdán ní ìrọ̀lẹ́, ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá pa á, kì í wí pé òun pàdánù. Á gbọn ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra wọn, á gbójú sókè, á ní: “O pa mí lónìí. Tún un tò.” Ẹ gbọ́ bí ó ti rí: ó gbà pé ẹlòmíràn ló ṣe é, kò sì sọ ara rẹ̀ di ẹni àdánù. Ìdí nìyẹn tí èébú “loser” tí àwọn ọmọ ń rí kọ́ nínú fíìmù Amẹ́ríkà kò fi rí ibi jókòó sí ní Yorùbá. Òpè lónìí lè di ọ̀ta lọ́la. “Loser” tiwọn ti di orúkọ àbísọ.

Fìdí rẹmi náà wà, òun sì ni àwọn oníròyìn fẹ́ràn jù. Nígbà tí Côte d'Ivoire na Nàìjíríà ní àmì ayò méjì sí ẹyọ kan nínú àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní oṣù kejì ọdún 2024, fìdí rẹmi ni gbogbo wọn kọ. Ó tọ́. Ó tún tọ́ fún ìbò: ní ọdún 2015, Goodluck Jonathan di ààrẹ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wà lórí àlééfà tó sì fìdí rẹmi nínú ìdìbò, Muhammadu Buhari ní ìbò mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti díẹ̀, òun sì ní mílíọ̀nù méjìlá àti ààbọ̀ ó lé, ó sì pe ẹni tó borí rẹ̀ lórí fóònù kí wọ́n tó kéde èsì náà tán. Àwọn kan kọ ọ́ nígbà náà pé ó “pàdánù ipò”. N kò bínú sí ìyẹn, nítorí ipò wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí, tó gbé àpótí tí kò sì wọlé, kí ló pàdánù? Ìbò kò gbé e ni.

Ẹ wá wo ti ọdún 2000 ní Sùúrùlérè. Kamẹrúùnù fi góòlù méjì ṣáájú, a dá méjèèjì padà, ó di gbá-sílé-kí-n-gbá-sílé. Ìgbà tó kan Victor Ikpeba, bọ́ọ̀lù lu abẹ́ ọ̀pá òkè, ó já lulẹ̀, rẹfirí ní kò wọlé. Mẹ́rin sí mẹ́ta ni wọ́n fi gba ife lọ. Ẹni tó bá wà ní ibi tí a ti ń wò ó ní ọjọ́ yẹn kò gbọ́ “a pàdánù” lẹ́nu ẹnikẹ́ni. “Wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa” ni gbogbo wa ń wí, títí dòní la sì ń wí i. Bóyá a jàre, bóyá a kò jàre, èdè ti sọ ẹni tó ṣe é.

* * *

Ẹnì kan tó ń ta aṣọ ní Gbági ní kí n má gbàgbé àwọn oníṣòwò, ó sì fi ohun kan kọ́ mi tí n kò kọ́kọ́ rò. Ó ní bí òun bá ta ọjà ní iye tó kéré sí iye tí òun rà á, òfò ni, ṣùgbọ́n owó kò tíì tán. Bí oníbàárà bá kó ọjà àwìn tí kò sì wá mọ́, “owó gbé” ni. Òfò dín owó kù. Owó tó gbé kò ní padà mọ́, olówó gan-an sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó tọ́. Ní ìparí ọdún 2016, nígbà tí ètò sogúndogójì kan dáwọ́ sísan owó dúró, tí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn dá ní àdúgbò wa, “owó mi ti gbé” ni igbe tí mo gbọ́ láti ilé dé ilé. Owó tèmi náà wà níbẹ̀, díẹ̀ ni, n kò ní sọ iye rẹ̀ níbí nítorí ìyàwó mi ń ka ọ̀rọ̀ yìí.

Ti iṣẹ́ tún yàtọ̀: iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn ni. Ohun tó bọ́ ti wà lọ́wọ́ rí, ọwọ́ kò kàn dì í mú tó ni. Mo rí i kà lánàá pé ẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ “sọ iṣẹ́ wọn nù”. Ẹni tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ kò sọ nǹkan kan nù.

* * *

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan ti bínú sí mi. Ó ní mò ń jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní làákàyè. Ẹ má bínú, olùkọ́. Ọgbọ́n wà nínú pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ ogún ènìyàn. Ìṣòro wà fún ẹni tó fẹ́ gbé e wọ Yorùbá ní odidi. Ẹni tó sanra tẹ́lẹ̀ tó wá “lose weight”, ó jò ni, tàbí ó rù bí àìsàn bá wà ńbẹ̀, a kì í sì í fi “o ti rù” kí ẹni tó ń du àtijò. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ojú rẹ̀ fọ́. Ẹni tó ṣubú tí kò mọ ibi tó wà mọ́, ó dákú. Ẹni tí ọ̀nà dàrú mọ́ lójú, ó ṣìnà. Ẹni tí a wá tí a kò rí, ó di àwátì.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti inú bíbí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ẹni tó gbaná jẹ “lost his temper”. Akẹ́kọ̀ọ́ kan túmọ̀ rẹ̀ fún mi nígbà tí mò ń kọ́ni pé “ó sọ ìbínú rẹ̀ nù”. Kí ni Yorùbá gbọ́? Pé ọkùnrin náà ti túnú ká, ó ti dáríjì, wọ́n sì ti jọ jẹun. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni pé ó fi àga la ẹnì kejì lórí.

* * *

Ìyá wa ti padà wá, wọ́n sì ti mú ohun tí mo ń dúró dè wá: gbogbo àròkọ náà. Ẹ ṣeun, mà. Ọ̀rẹ́ ọmọ yín kò kú, wọn kò sì jà. Wọ́n ti gbé bàbá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Ìlọrin, wọn yóò kó lọ nígbà ìsinmi, ọmọ yín sì ń bẹ̀rù pé ìgbà tó bá dé ọ̀hún yóò gbàgbé òun. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ náà kò ní sọnù, nítorí gbogbo wa mọ ibi tó wà. Kò ní ṣòfò. Bí bàbá wọn bá sì fi pàdánù sí i, ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò kọ́kọ́ kí yín kú ìrọ́jú. Tó bá jẹ́ èmi, mo máa kọ ọ́ pé “N kò fẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́”, nítorí bíbọ́ jẹ́ kí a mọ̀ pé ọmọ náà ṣì di nǹkan mú. Ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ó yọ “o” kan kúrò, ó ti parí, olùkọ́ kò sì ní rí ibi fi bírò pupa sí.

Ẹ tún ní ó fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí mi, pé ó kà á nínú ìwé ìṣirò rẹ̀ pé aago kan “loses five minutes every hour”, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìṣẹ́jú márùn-ún náà sọnù ni àbí ó bọ́. Ẹ sọ fún un pé aago náà ń fà sẹ́yìn ni. Bí ó bá fà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí kan, á ti fi wákàtí méjì gbáko pẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ẹni tó bá ń wò ó lọ sílé ìwé yóò pẹ́ dé.